AIR 27 ní National Archives: ó tówó rẹ̀, bí ẹ bá mọ fáìlì tó yẹ kí ẹ rà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí awakọ̀ bàálù ajubọ́ǹbù kan fò lọ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, AIR 27 ni kó kọ́kọ́ tú. Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àwọn ikọ̀ RAF, ìyẹn ọmọ ogun ojú òfurufú ilẹ̀ Britain, ni, ó wà ní National Archives, ilé àkójọ ìwé ìjọba Britain, ní Kew, nílùú London. Téèyàn bá lọ kà á níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó lè gba owó.

Orúkọ lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tẹ̀ síbẹ̀, kì í sì í mú nǹkan gidi wá, torí nọ́ńbà ikọ̀ àti déètì ni wọ́n fi to àwọn fáìlì. Bí ẹ bá ń wá Akin Shenbanjo, ọmọ Nàìjíríà tó gba DFC, àmì-ẹ̀yẹ akínkanjú ojú òfurufú, ikọ̀ 76 ni kí ẹ wá. Ibi tí owó ti ń wọgbó nìyí: oríṣi fáìlì méjì ló wà. "Summary of Events", ìyẹn Form 540, àkópọ̀ lásán ni. "Records of Events", Form 541, lẹ fẹ́. Inú rẹ̀ ni nọ́ńbà bàálù wà, orúkọ àwọn tó wọ̀ ọ́ àti iṣẹ́ oníkálukú, aago tó gbéra, aago tó balẹ̀, àti ohun tí wọ́n ròyìn nígbà tí wọ́n dé.

Ẹ fi Leonard Cheshire, awakọ̀ tó jẹ́ ọ̀gá ikọ̀ 617, dán an wò: February 1944. Lálẹ́ ọjọ́ 8, bàálù ajubọ́ǹbù Lancaster 12 lọ kọlu ilé iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì Gnome-Rhône ní Limoges, ní ilẹ̀ Faransé tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà. Cheshire kọ́kọ́ fò lókè òrùlé ibẹ̀ léraléra, kí àwọn òṣìṣẹ́ Faransé lè ráyè sá, kó tó ju bọ́ǹbù iná tó fi sàmì síbẹ̀. Ẹ ka ọjọ́ 8 àti 9 pọ̀ o, torí ọ̀gànjọ́ máa ń pín ìrìn àjò kan sí ọjọ́ méjì. Ojú ìwé míì ti ṣá, 3 àti 8 á wá jọra. Ẹ fi nọ́ńbà bàálù wé ti alẹ́ mìíràn.

Bí orúkọ bá dédé pòórá, ẹ má sọ pé ó ti kú. Lẹ́yìn nǹkan bí ìjà 30, wọ́n sábà máa ń ní kí wọ́n lọ kọ́ àwọn mìíràn níṣẹ́. Ẹ lọ wo AIR 28 fún ibùdó, AIR 29 fún ikọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ wá ìgbà tí Cheshire wà ní ibùdó RAF ní Marston Moor ní 1943.

Ìgbésí ayé lẹ́yìn ogun kò sí níbẹ̀ rárá. London Gazette, ìwé ìròyìn ìjọba Britain tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ló gbé ìròyìn VC Cheshire, àmì-ẹ̀yẹ akínkanjú tó ga jù ní Britain, jáde ní ọjọ́ 8 September 1944: ìjà 100 ló ti lọ. Ní 1948 ó gba ọkùnrin kan tí jẹjẹrẹ ń pa lọ sí Le Court, ní Hampshire. Látibẹ̀ ni àwọn ilé Cheshire, ilé ìtọ́jú àwọn aláàbọ̀ ara, ti bẹ̀rẹ̀, orúkọ náà sì dé Ìjokòdó, n'Ìbàdàn, lára Cheshire High School.

Ní ti awakọ̀ tí kò lórúkọ tó bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè logbook rẹ̀, ìwé tó ń kọ ìrìn àjò bàálù rẹ̀ sí, lọ́wọ́ ẹbí. Èyí tó wà ní AIR 4 kò ju díẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò wá gbà ni wọ́n ti run.