Ilé ìwé ìjọba tí ọmọ mi àfín ń lọ ní Òṣogbo: ohun tí mo rí níbẹ̀

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń wá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó lè gba ọmọ tí ara rẹ̀ yàtọ̀ ní Òṣogbo, ti èmi nìyí. Àfín ni ọmọbìnrin mi. Ilé ìwé aládàáni ló ti bẹ̀rẹ̀, ti ìjọba ló wà báyìí, kò sì sí iye tí ẹnikẹ́ni máa fún mi tí màá fi dá a padà síbi tó ti wá. Mi ò ní dárúkọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Tí ẹ bá ní kí n fún ti ìjọba yìí ní máàkì, méje nínú mẹ́wàá ni.

Kí ẹni tí kò mọ̀ lè mọ̀: ọ̀rọ̀ àfín kì í ṣe ọ̀rọ̀ awọ nìkan. Ojú wọn kì í ríran jìnnà, ìmọ́lẹ̀ líle máa ń ni wọ́n lára, ẹyinjú ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń gbọ̀n láìdúró. Awò ojú lè ran ọmọ lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ kò ní sọ ojú rẹ̀ di ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ wá fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Kò ní rí pátákó, kò ní rí nǹkan kọ sínú ìwé, tíṣà á sì ní olódo ni. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ní ilé ìwé aládàáni yẹn nìyẹn, pé orí ọmọ mi ò gba ìwé. Bẹ́ẹ̀ wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri lẹ́nu géètì pé gbogbo ọmọ ni àwọn ń gbà o. Ẹnu dùn ún rofọ́.

Níbi tí a wà báyìí, ìbéèrè ni ọ̀gá ilé ìwé kọ́kọ́ bi mí. Ó ní, "Màmá, nílé, ibo ló máa ń jókòó sí tó bá fẹ́ kàwé?" Mo ní ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí fèrèsé, á sì gbé ìwé sún mọ́ imú. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọmọ wọ kíláàsì, wọ́n ti yí bẹ́ǹṣì padà: iwájú ló wà, fèrèsé wà lẹ́yìn rẹ̀. Kọ́bọ̀ kan ò bá a lọ. Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀, ìyẹn ni mo fi ṣe àkọ́kọ́. Ohun tí ìyá mọ̀ nípa ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣètò, kì í ṣe pé wọ́n á pe ìyá kó wá gbọ́ ẹ̀sùn tàbí kó wá san owó nìkan. Akẹtẹ̀ tí mo ń dé fún un nítorí oòrùn àti ẹ̀wù alápá gígùn kò di ìjà. Níbi tí a ti kúrò, yunifọ́ọ̀mù ni yunifọ́ọ̀mù.

Ọ̀rọ̀ kọ́tìnì ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa. Tí oòrùn bá ti ń gòkè, ìmọ́lẹ̀ á wọlé láti ẹ̀gbẹ́ kan, á máa dán lójú pátákó, ọmọ mi ò sì ní rí nǹkan kan mọ́. Tíṣà rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ìpàdé òbí àti olùkọ́. Yorùbá la fi ń ṣe ìpàdé náà, tí àwọn ìyá tó wá láti Sàbó bá sì wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn á máa túmọ̀ sí Haúsá fún àwọn yòókù. Ní ilé ìwé àkọ́kọ́, Òyìnbó ni. A ó pàtẹ́wọ́, a ó lọ sílé. (Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, àwọn ọmọ náà ò sì gbẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn. Èmi ò mọ ohun tí ìpàdé òbí ń fi Òyìnbó ṣe.) Màmá àgbà kan láti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, aláró, tí ọmọ ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì kan náà, ló ní ẹ má ra léèsì funfun o, pé ìmọ́lẹ̀ á kọjá lára rẹ̀. Ó ní aṣọ tó ki, tí a pa láró dáadáa, ni kí a wá. Òun ló mú aṣọ wá, bàbá kan tó jẹ́ télọ̀ rán an, ẹlòmíràn mú okùn àti ìṣó wá. Nígbà tí a ta á tán, àwọn ọmọ tó ń jókòó ní apá òsì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn náà ò rí pátákó tẹ́lẹ̀. Wọn ò kàn sọ ọ́ ni.

Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pe màmá yẹn kó wá kọ́ àwọn ọmọ ní àdìrẹ oníko lábẹ́ igi, níbi tí òjìji wà. Nílùú aró, ta ni kí wọ́n tún pè?

Àwọn ọmọ kan ń kọrin "òyìnbó pẹ́pà" tẹ̀ lé ọmọ mi. Tíṣà ò na ẹnikẹ́ni. Ó pe èmi àti bàbá ọmọkùnrin tó ń lé orin, ó ní kí a jókòó. Bàbá yẹn ní eré ọmọdé ni. Nígbà tó yá ló wá béèrè lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú ìtìjú, bóyá lóòótọ́ ni pé àfín kì í jẹ iyọ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọbẹ̀ tí gbogbo wa ń jẹ ló ń jẹ. Àwọn ọmọ náà ò di ọ̀rẹ́ o, ṣùgbọ́n orin dáwọ́ dúró.

Ó wá ku máàkì mẹ́ta tí mo yọ.

Èrò pọ̀ jù nínú kíláàsì. Kò sí olùkọ́ kankan níbẹ̀ tó kọ́ nípa ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà ara, bẹ́ẹ̀ òfin àpapọ̀ lórí ẹ̀tọ́ wọn, ti 2018, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019, sọ pé ó kéré tán, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kan gbọ́dọ̀ wà ní ilé ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan. Ìwé ìdánwò ń jáde ní lẹ́tà wíwẹ́wẹ́, tíṣà ló ń bá mi kà á sí ọmọ létí. Èmi ni mo ń fi máákà kọ iṣẹ́ kíkà rẹ̀ ní lẹ́tà ńláńlá ní alẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti ọjà dé. Ọmọkùnrin kan wà tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ. Káfíńtà kan nínú àwọn òbí kan pákó sórí àtẹ̀gùn fún un, a sì yìn ín, ṣùgbọ́n tí òjò bá rọ̀, pákó á máa yọ̀, ìyá rẹ̀ ló ń gbé e wọlé. Ọdún márùn-ún tí òfin yẹn fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò láti ṣàtúnṣe ti pé ní 2024. Ilé ìyàgbẹ́ wọn, ẹ jẹ́ kí n má sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Owó náà ńkọ́? Òfin UBE ti 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, ní ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ owó kéékèèké ò tán. Wọ́n ń ka ìnáwó síta fún gbogbo wa, ìyẹn dára. Ohun tí inú mi ò dùn sí ni pé wọ́n tún máa ń ka orúkọ àwọn tí kò tíì san. Ìyá kan gbọ́ orúkọ rẹ̀ báyìí, kò sì wá sí ìpàdé mọ́, ọmọ rẹ̀ sì wà lára àwọn tó yẹ kí a máa gbọ́ ohùn ìyá wọn. Mo ti bá àwọn SBMC, ìgbìmọ̀ tí òbí àti àwọn àgbà àdúgbò wà nínú rẹ̀, sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n ní àwọn á wò ó. Wọ́n gbọ́ tiwa lórí àkókò ìpàdé ṣá: ó ti kúrò ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, ó di ẹ̀yìn ìrun Àsárì, àwọn oníṣòwò Ọjà Ọba sì ń wá. Àwọn bàbá ṣì ń rò ó.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ wo ilé ìwé fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ti ìjọba ni o, ti aládàáni ni o, ẹ má lọ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ọ̀gá ilé ìwé ò ní ráyè yín. Ẹ jẹ́ kí ara rọ̀ wọ́n. Ẹ mú ọmọ dání, kí ẹ sì tọrọ àyè láti jókòó sí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Tí wọn ò bá gbà, ẹ wá ibòmíràn.