Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra kúkà gáàsì tòkunbọ̀ n'Íbàdàn: oven tí kò gbóná, ẹ má tíì fowó lé "ẹnjiníà" lọ́wọ́

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe kéèkì àti búrẹ́dì nílé tà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Oníṣòwò kan wà nígboro wa tó ń ta kúkà gáàsì tòkunbọ̀, èyí tó ní oven nísàlẹ̀. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọgbọ́n tó ń dá ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dá mọ̀, torí òun nìkan kọ́ ló ń dá a.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Níbi tí wọ́n ti ń tà á, wọ́n á tan bọ́nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lórí, iná á mú dáadáa. Wọ́n á ṣí oven, wọ́n á ṣáná sí i, iná á mú níbẹ̀ náà, wọ́n á sì yára pa á. "Màmá, ṣé ẹ ti rí i? Ojúlówó ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé ni." Kò sẹ́ni tó máa dúró wò ó bóyá inú ẹ̀ gbóná. Ìgbà tẹ́ ẹ bá délé tẹ́ ẹ gbé kéèkì sí i lẹ máa tó mọ̀: wákàtí kan á kọjá, orí ẹ̀ á ṣì funfun, àárín ẹ̀ á rì. Ẹ bá pè é lórí fóònù. Kò ní wá wò ó o, àmọ́ ó ti mọ ohun tó ń ṣe é: "Thermostat ló lọ, Màmá. Ẹ jẹ́ n rán ẹnjiníà mi sí yín." Ẹnjiníà á dé, á gba owó ńlá, á yọ thermostat tó wà níbẹ̀ (ẹ̀yà tó ń darí bí oven ṣe máa gbóná tó), á fi òmíràn sí i, á sì mú èyí tó yọ sápò lọ. Oven ò ní tìtorí ẹ̀ gbóná jù ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tí wọ́n ṣe fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Àpáta nìyẹn. Nígbà tó sú wa, a pe oníṣẹ́ gáàsì mìíràn, ọmọlúàbí èèyàn, pé kó wá tú u wò níṣojú wa.

Ẹ̀yìn kúkà ló kọ́kọ́ lọ. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí páálí irin kékeré tí wọ́n lẹ̀ síbẹ̀, ó ní ká kà á: G20, 20 mbar. Gáàsì tó ń gba inú páìpù wọ ilé àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n ń pè ní G20. Èyí tí àwa ń rọ sínú sílíńdà kì í ṣe é. LPG ni tiwa, tí àyè tí gáàsì méjèèjì gbà bá dọ́gba, ooru tó wà nínú tiwa tó ìlọ́po méjì ààbọ̀ tiwọn. Ìdí nìyẹn tí ihò jẹ́ẹ̀tì tó ń tú gáàsì sí bọ́nà fi gbọ́dọ̀ kéré nínú kúkà tí a máa fi LPG tan. Tí wọ́n bá fi jẹ́ẹ̀tì G20 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, iná pupa gàgàrà ni yóò máa jó, ìdí ìkòkò á dúdú, kúkà á sì máa tú èéfín carbon monoxide tí kì í rùn, tó ń fa orí fífọ́ àti òòyì, tó sì lè pani. Ẹni tó bá ń tajà tòótọ́tòótọ́ á pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì yẹn kó tó tà á fún yín.

Ti ẹ̀gbọ́n mi, ńṣe ni wọ́n fi òòlù lu ẹnu jẹ́ẹ̀tì oven mọ́lẹ̀ kí ihò ẹ̀ lè fún. Ojú mi ló ṣe. Orí idẹ náà ti rí pẹlẹbẹ, ihò tó yẹ kó rí róbótó ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Iná tó ń gba ibẹ̀ jáde kéré, ó sì fì sápá kan. Kò sí bí oven yẹn ṣe máa gbóná dé 180, bí wọ́n pààrọ̀ thermostat nígbà mẹ́wàá.

Àmọ́ ohun tó mú mi jókòó kọ èyí kọ́ nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ kúkà tó ń ti Yúróòpù wá, ọ̀pá tín-ín-rín kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́nà oven, thermocouple ni wọ́n ń pè é. Iná ló ń mú orí ẹ̀ gbóná. Bó bá ti gbóná, á mú iná mọ̀nàmọ́ná bíńtín wá, tó tó láti di mágínẹ́ẹ̀tì inú fáàfù mú kí gáàsì lè máa kọjá. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń tẹ nọ́ọ̀bù mọ́lẹ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá kẹ́ ẹ tó fi í sílẹ̀. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ iná pa, ọ̀pá á tutù, fáàfù á sì pa gáàsì dé fúnra ẹ̀. Thermocouple ti ẹ̀gbọ́n mi ti kú tipẹ́, iná ì bá máa kú ní gbàrà tí wọ́n bá fọwọ́ sílẹ̀, oníbàárà ì bá sì rí i. Dípò kí wọ́n ra òmíràn sí i, wọ́n yọ mágínẹ́ẹ̀tì inú fáàfù dànù. Iná lè kú nínú oven yẹn lóru, kí gáàsì máa tú lọ. LPG sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló ń rọ́ sí, abẹ́ tábìlì, ìdí fíríìjì, títí nǹkan á fi ṣáná sí i. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń sùn ní yàrá tó kọjú sí kíṣìnnì yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ tiyín wò lónìí. Ẹ tan oven, ẹ jẹ́ kó jó bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ wá ti orí sílíńdà pa kí iná kú fúnra ẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan nọ́ọ̀bù, ẹ dákẹ́ kẹ́ ẹ dẹtí. Láàárín ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ "kọ́" kékeré kan: fáàfù ló pa dé yẹn. Tẹ́ ò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ yí nọ́ọ̀bù pa, kẹ́ ẹ má sì tan oven yẹn mọ́ títí oníṣẹ́ tẹ́ ẹ fọkàn tán á fi tú u. Àwọn kúkà kan wà tí wọn ò ṣe thermocouple sí rárá láti ibi tí wọ́n ti ṣe é, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọ̀pá yẹn wà. Tẹ́ ẹ bá fura pé gáàsì ń jò, ìfófòó ọṣẹ lẹ máa fi wá a lójú rọ́bà àti régúlétọ̀, kì í ṣe ìṣáná.

Tí oven yín ò bá gbóná, tí kò sí jìbìtì níbẹ̀ rárá, ohun kékeré náà lè fà á. Bí iná bọ́nà orí náà ò bá mú dáadáa, ẹ wo régúlétọ̀ tàbí gáàsì tó ń tán lọ. Ìpẹtà lè ti dí ihò bọ́nà. Ẹ yọ fóìlì tẹ́ ẹ tẹ́ sílẹ̀ oven kúrò, ó ń dí ọ̀nà ooru. Ẹ fi bébà há ẹnu ilẹ̀kùn kẹ́ ẹ pa á dé. Tó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́ tẹ́ ẹ fà á, rọ́bà ilẹ̀kùn ti lọ. Kẹ́ ẹ sì ra thermometer oven lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta èlò kéèkì, ẹ gbé e sí àárín, ẹ jẹ́ kí oven gbóná fún 20 ìṣẹ́jú. Òun ló máa sọ òótọ́ fún yín, kì í ṣe ẹnu ẹnjiníà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo oven oníná mọ̀nàmọ́ná náà, wọ́n ní irú ẹ̀ fún yín: "element ti jó," ìyẹn irin tó ń mú inú oven gbóná. Element tó jẹ́ 2000 watt lórí iná 230 volt, tí iná àdúgbò bá rẹlẹ̀ sí 160, agbára ẹ̀ ò ní tó 1000 mọ́. Kò bàjẹ́, iná ni ò tó. Ẹ ní kí wọ́n fi mítà wọ̀n ọ́n níṣojú yín: irú element yẹn yẹ kó fún yín ní nǹkan bíi 26 ohm. Tó bá jó lóòótọ́, mítà ò ní kà nǹkan kan.

Ẹ̀yà yòówù tí wọ́n bá yọ nínú oven yín, tiyín ni. Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó jáde. Òfin FCCPA ti ọdún 2018, ìyẹn òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà, fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà, ó sì ní kí ẹni tó ń ta àlòkù kọ ọ́ síta gbangba pé àlòkù ni. Àjọ FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, lẹ lè fẹjọ́ sùn, àmọ́ ẹ nílò ẹ̀rí. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ya fọ́tò páálí irin ẹ̀yìn kúkà, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí oven jó títí inú ẹ̀ á fi gbóná níṣojú yín, kí wọ́n sì kọ risíìtì tó ní orúkọ, ọjọ́ àti iye owó. Bí wọ́n bá ní àwọn kì í kọ risíìtì, ẹ dá owó yín padà sápò, kẹ́ ẹ máa lọ.