Ìkìlọ̀: kọ́tà olómi tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, tó ń jó nílé yín

Ẹ̀yin ará wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń sáré parí ilé kí Iléyá àti Ojúde Ọba tó dé, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó kọ́tà olómi fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ kékeré orí tábìlì tó ní ike omi lábẹ́, tí bíléèdì rẹ̀ ń yí nínú omi láti gé táìlìsì, òun ni mò ń sọ. Àwọn kan ń ta ti Amẹ́ríkà tí kò bá iná wa mu ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n á lẹ bébà tuntun bo ohun tí ilé-iṣẹ́ kọ sí i lára, wọ́n á tan án lójú yín, á ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ ó sanwó, ẹ ó gbé e délé, á sì jó. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù kankan. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá ni kí ẹ mọ̀, torí ẹni tó ń ta á ní Ìjẹ̀bú-Òde lónìí lè kó o lọ sí Ṣàgámù lọ́la.

Iṣẹ́ táìlìsì ni mò ń ṣe jẹun. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń kọ́lé sí ọ̀nà Ìmọ̀wò ló gbé tiẹ̀ wá bá mi nínú páálí. Táìlìsì pọ́ṣẹ̀lìn, 60 sí 60 sẹ̀ǹtímítà, ló rà fún pálọ̀, kò sì fẹ́ kí wọ́n fi fáìlín máṣíìnì, ẹ̀rọ ìgé tí à ń fọwọ́ dì mú, gé e ní gbígbẹ nínú ilé. Ó gbọ́n o. Sílíkà wà nínú eruku yẹn, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń dúró sí, àìsàn tó ń dá sílẹ̀ kò sì ní oògùn tó ń wò ó sàn. (Àwa oníṣẹ́ tí à ń fi síńgílẹ́ẹ̀tì wé imú, ọ̀rọ̀ tiwa di ọjọ́ mìíràn.) Omi inú kọ́tà ló ń mú eruku mọ́lẹ̀, òun náà ló ń mú bíléèdì tutù. Ohun tó yẹ kó rà ló rà. Ọ̀dọ̀ ẹni tó tà á fún un ni wàhálà wà.

"Ìrọ̀lẹ́ àná ni mo so ó mọ́ iná," ó ní. "Ó kàn ké hùnnn, ó gbóná, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́yìn ẹ̀. Mi ò tíì gbé táìlìsì kan lé e lórí o."

Òórùn fáníìṣì tó jó ṣì wà lára ẹ̀. Mo yí i dojú dé. Bébà funfun kan wà lára mọ́tò, wọ́n tẹ "220V 50Hz" sí i, ṣùgbọ́n etí bébà náà kò lẹ̀ dáadáa. Mo fi èékánná há a. Òmíràn yọjú lábẹ́ ẹ̀, aláwọ̀ fàdákà, ti ilé-iṣẹ́ fúnra wọn: 120V, 60Hz, iná Amẹ́ríkà. Wọn ò tilẹ̀ ṣe wàhálà àtiyọ ìyẹn, wọ́n kàn lẹ tiwọn lé e.

Ẹ̀gbọ́n ò gbà. "Àní ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ bọ́tìnnì ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó gé táìlìsì lójú mi!" Ni a bá gbé e, a padà síbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, iná àdúgbò yín ló ga jù," ni ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù wí. Kò dìde lórí àga. "Ẹ ò rí i pé níbí ó ṣiṣẹ́? Àwọn NEPA yín ni kẹ́ ẹ lọ bá." Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ gbé irú ẹ̀ mìíràn jáde. Wọ́n so ó mọ́ ẹ́kísítẹ́ńṣọ̀n tó wà lórí káńtà, ó sì ń yí jẹ́jẹ́, ó gé àfọ́kù séràmíìkì kan láìsí wàhálà. Ẹ̀gbọ́n wò mí lójú.

Mi ò bá ọ̀gá yẹn jiyàn. Wáyà ẹ́kísítẹ́ńṣọ̀n ni mò ń fojú tẹ̀lé. Kò lọ sára ògiri. Ó gba ẹ̀yìn àwọn àpò símẹ́ńtì funfun, ó wọ abẹ́ tapólì kan, nǹkan sì ń kùn lábẹ́ ibẹ̀. Mo ká tapólì. Sítẹ́púdáànù ni, àpótí irin tó ń sọ iná 220 di 110, ẹ̀yìn ẹ̀ ti gbóná. Ọmọ iṣẹ́ yíjú sí títì. Ọ̀gá ẹ̀ ní tiẹ̀ kò tijú rárá: "Ṣé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ má béèrè ni? Sítẹ́púdáànù wà, ẹ mówó wá, màá ṣe é dáadáa fún yín." Ojú kì í ti àwọn èèyàn kan.

Nítorí náà, pé ẹ̀rọ ń yí ní ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe ẹ̀rí kankan. Ibi tó ti ń rí iná ni kí ẹ wò. Ẹ tọpa wáyà láti ara ẹ̀rọ títí dé sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, kí àpótí kankan má sí láàárín. Bí wọ́n bá ní ẹ ò lè wọ ẹ̀yìn káńtà, ẹ ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wá sídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀yin fúnra yín yàn. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ mọ́ kò ní kọ̀.

Ẹlòmíì á ní, kí ló burú níbẹ̀, ṣebí ká ra sítẹ́púdáànù mọ́ ọn. Fóltéèjì nìkan nìyẹn ń yí. Iná Amẹ́ríkà ń mì ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tiwa ń mì ní ìgbà 50 (òun ni Hz tí wọ́n ń kọ), sítẹ́púdáànù ò sì lè ṣe nǹkan kan sí ìyẹn. Mọ́tò tó wà lára ọ̀pọ̀ kọ́tà kékeré yìí kò ní kábọ́ọ̀nù (èédú kékeré tó ń fara kan ibi tó ń yí), bí iná bá ṣe ń mì ló ṣe ń yí. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà eré ẹ̀ á lọ, á sì máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ ó wá tún gbé àpótí iná kejì sí ẹ̀gbẹ́ omi níbi iṣẹ́. Èmi ò ní bá ẹnikẹ́ni ṣe é.

Ibi tí mo ti ń mú àwọn tó ń lẹ bébà ni RPM, iye ìgbà tí mọ́tò ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Wọ́n máa ń rántí yí fóltéèjì padà, wọ́n á gbàgbé ìyẹn. Lórí iná 50Hz, mọ́tò tí kò ní kábọ́ọ̀nù, tí bíléèdì sì wà lórí ṣáfùtù ẹ̀ (irin àárín tó ń yí) tààrà, kò lè yí kọjá 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan láéláé. Ti gidi máa ń kù díẹ̀ kó pé iye yẹn. Tí ẹ bá rí 220V 50Hz lókè bébà, tí ẹ sì rí 3,600 tàbí 3,450 nísàlẹ̀ ẹ̀, ẹ gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, kí ẹ máa lọ. Ẹ wo púlọ́ọ̀gì náà. Bó bá jẹ́ onísíkúrù tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́yìn, ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di ayédèrú, ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé níbo ni ti tẹ́lẹ̀ wà. Ẹlẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ méjì ti Amẹ́ríkà ni wọ́n máa ń gé dànù.

Mo tú púlọ́ọ̀gì ti ẹ̀gbọ́n. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, wáyà méjì péré ló wà nínú ẹ̀. Wọ́n ti gé wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, sẹ́yìn, wọ́n fi téèpù dúdú wé e. Ẹ̀rọ tí omi ń ta sí lára o, tí ẹni tó ń lò ó dúró lórí ilẹ̀ tútù! Bí iná bá jò sára irin tábìlì ẹ̀, ara èèyàn ló máa gbà lọ sílẹ̀. Kí ẹ́ẹ̀tì ilé yín ṣiṣẹ́, kí ẹ sì ní kí oníná bá yín fi bíréékà tó ń já fún ìjò iná sí i, èyí tí wọ́n kọ 30mA sí. Kí wáyà rọ̀ sísàlẹ̀ kó tó gòkè lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi tó bá ń tọ̀ ọ́ lè kán sílẹ̀ níbẹ̀, kó má bàa wọ inú iná.

Bíléèdì ni jìbìtì kejì. Èyí tó wà nínú páálí ẹ̀gbọ́n, wọ́n kọ DIAMOND gàdàgbà sí i pẹ̀lú ọ̀dà wúrà. Mo gbé òòfà tí mo yọ lára sípíkà àtijọ́ lé e, kò mú un. Dísìkì tí àwọn wẹ́dà fi ń gé irin ni wọ́n kùn lọ́dà! Irin ni ara bíléèdì dáyámọ́ǹdì, òòfà gbọ́dọ̀ mú un. Ẹ má gbé òòfà sí ẹ̀bá ihò o, torí òrùka irin wà níbẹ̀ lára dísìkì wẹ́dà náà, á tàn yín jẹ. Àárín ihò sí etí ni kí ẹ gbé e sí. Omi kì í bá dísìkì yẹn ṣọ̀rẹ́, ó ń sọ gọ́ọ̀mù tó so ó pọ̀ di aláìlágbára. Bó bá fọ́ níbi tó ti ń yí ní bíi 3,000, ojú yín ló máa fọ́ sí.

Àwọn mìíràn gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, irin lásán ni wọ́n ń tà, òòfà á mú un, àmọ́ kò sí dáyámọ́ǹdì kankan létí ẹ̀. Ẹ fi èékánná wọ́ etí rẹ̀. Ti gidi nípọn díẹ̀ ju àárín lọ, ó sì ń ha èékánná bíi sáńdípépà. Tó bá tẹ́jú, tó ń dán, ọ̀dà ni wọ́n fẹ́ tà fún yín. Ti pọ́ṣẹ̀lìn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí etí ẹ̀ so pọ̀ yíká, kó má ní àlàfo, torí ẹlẹ́yín-ẹlẹ́yín máa ń ṣán ojú dídán táìlìsì.

Ihò bíléèdì náà ṣe pàtàkì. Ṣáfùtù ọ̀pọ̀ kọ́tà Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bí 15.9 mílímítà, ihò ọ̀pọ̀ bíléèdì tó wà lọ́jà wa sì jẹ́ 22.2. Òrùka ìdínhò tó bá a mu ló yẹ kó wà láàárín wọn. Téèpù iná ni wọ́n wé mọ́ ṣáfùtù ti ẹ̀gbọ́n. Bíléèdì tí kò jókòó sí àárín á máa gbọ̀n, á máa fọ́ etí táìlìsì, ẹ ó sì máa bú oníṣẹ́ yín pé kò mọ iṣẹ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú táìlìsì tiyín dání lọ. Pọ́ṣẹ̀lìn ni kó jẹ́, torí séràmíìkì rọ̀, ẹ̀rọ tí kò dáa náà á gé e. Kí wọ́n bu omi sí ike títí tí etí ìsàlẹ̀ bíléèdì fi wọnú ẹ̀. Kí gáàdì, ìbòrí tó wà lórí bíléèdì, wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ní ó ń díni lójú, àwọn ni kí wọ́n máa lò ó. Ẹ fi téèpù wọn àlàfo láti ara gáìdì (irin gbọọrọ tí táìlìsì ń fẹ̀gbẹ́ tì) dé iwájú bíléèdì, kí ẹ tún wọn ti ẹ̀yìn. Iye kan náà ni kó jẹ́. Bó bá fi mílímítà kan yàtọ̀, ojú ibi tí ẹ gé á wọ́, táìlìsì á sì há mọ́ bíléèdì. Kí ẹ sì rántí pé bíléèdì fúnra ẹ̀ ń jẹ nǹkan bí mílímítà méjì, ọ̀tún tàbí òsì ìlà tí ẹ fà, ẹ mọ ibi tí ẹ fẹ́ kó jẹ.

Ojú dídán ló ń wà lókè. Ẹ jẹ́ kí eré mọ́tò pé kí ẹ tó ti táìlìsì sí i, kí ẹ sì máa tì í jẹ́jẹ́. Tí ohùn mọ́tò bá ti ń rẹlẹ̀, ẹ ti ń fagbára tì í nìyẹn. Fún pọ́ṣẹ̀lìn, mo máa ń gé bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún wọlé láti òpin kan, màá yí i padà, màá gé e láti òdìkejì títí wọ́n á fi pàdé, kí igun ìparí má bàa já. Gíláàsì ojú ṣe dandan. Ìbọ̀wọ́ tó gbòòrò àti apá bùbá kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Ẹ má so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní I-better-pass-my-neighbour, kọ́tà 600W ń fẹ́ iná púpọ̀ nígbà tó bá ń gbéra, ti kékeré yẹn ò tó o.

Ní ti owó: "1 tiles machine" péré ni wọ́n kọ sórí rìsíìtì ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní kí wọ́n kọ 220V 50Hz, nọ́ńbà ara ẹ̀rọ àti ọjọ́ tí ẹ rà á. Báńkì ni kí ẹ gbà sanwó, kó lè ní àkọsílẹ̀. Bébà "ọjà tí a bá tà, a kì í gbà padà" tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kò gbà wọ́n lọ́wọ́ òfin tí ọjà bá jẹ́ oníjìbìtì tàbí tó ní àbùkù. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 wà, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni ẹ máa kọ̀wé sí. Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n dárúkọ FCCPC, tí àwọn oníbàárà mìíràn sì ti ń péjọ sẹ́nu ọ̀nà, ni ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù tó dìde. Ó dá èyí tó pọ̀ nínú owó padà, ó ní òun yọ owó "ìbàjẹ́" kúrò nínú ẹ̀. Ìbàjẹ́ ta ni?

Ó gba ẹ̀rọ náà padà pẹ̀lú. Ó dá mi lójú pé wọ́n á wé wáyà tuntun sínú mọ́tò ẹ̀, wọ́n á lẹ bébà mìíràn, wọ́n á gbé e padà sórí káńtà. Ike omi ẹ̀ jẹ́ búlúù, tábìlì ẹ̀ jẹ́ fàdákà. Kí a tó gbé e kúrò nílé, mo fi ìṣó kọ 120V sí abẹ́ irin tábìlì náà, lápá ọ̀tún, nítòsí ibi tí gáìdì ti ń dì mọ́ ọn. Bí wọ́n bá gbé irú ẹ̀ fún yín, ẹ yí i dojú dé, kí ẹ fọwọ́ wá a níbẹ̀.