Mastodon àti GoToSocial: Èwo Ló Bá Ẹgbẹ́ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ Mu?

Àwòrán Ojúde Ọba ọdún 2024 tàn ká gbogbo ayé, Instagram, Facebook àti X ló sì gbé e débẹ̀. Àmọ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà) tó bá kó gbogbo ìkéde àti àwòrán rẹ̀ síbẹ̀ nìkan, ayálégbé ni. Lọ́jọ́ 5, oṣù kẹfà, ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ fòfin de Twitter (tó ń jẹ́ X báyìí) ní Nàìjíríà. Ọjọ́ 13, oṣù kìíní, ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 2022, Elon Musk rà á, ìlànà ibẹ̀ sì yí padà láìbi ẹnikẹ́ni tó ń lò ó.

Mastodon àti GoToSocial ni ètò tí ẹgbẹ́ lè fi dá ojú òpó tirẹ̀ tó jọ X sílẹ̀, lórí server (kọ̀ǹpútà tó ń wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru) tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ yá. Eugen Rochko ló gbé Mastodon jáde ní Jámánì lọ́dún 2016. GoToSocial kéré sí i, ó sì dé lẹ́yìn rẹ̀. Ìlànà kan náà, ActivityPub, làwọn méjèèjì ń lò, nítorí náà ẹni tó wà lórí server kan á máa tẹ̀lé ẹni tó wà lórí òmíràn, bí ẹni tó ń lo MTN ṣe ń pe ẹni tó ń lo Glo.

Orúkọ domain, ìyẹn orúkọ tí ojú òpó yín ń jẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló ṣe pàtàkì jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Inú àdírẹ́sì gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló máa wà, bí ẹ bá sì ti bẹ̀rẹ̀, kò ṣeé yí padà mọ́: àwọn server yòókù ti fi orúkọ yẹn mọ̀ yín, bí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ á dàrú. Orúkọ ẹgbẹ́ ni kẹ́ ẹ fi rà á, kì í ṣe orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbọ́ kọ̀ǹpútà. Bó bá lọ sí Kánádà lọ́la, tí íméèlì rẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, tó sì gbàgbé láti san owó ọdọọdún, ojú òpó ẹgbẹ́ bá a lọ nìyẹn. Kí akọ̀wé àti akápò jọ ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Ká sọ ti Mastodon. Ó wúwo. Ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀: PostgreSQL (tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀), Redis, Sidekiq, Ruby, Node.js àti nginx. RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́) 2GB á gbé e, ṣùgbọ́n á máa mí gúlegúle. 4GB ló dára. Ohun tó ń pa á jù ni kí ààyè ìpamọ́ kún. Kì í ṣe àwòrán tiyín ló ń kún un, ẹ̀dà àwòrán àwọn server yòókù tí ẹ̀ ń tẹ̀lé ni. Bó bá kún tán, PostgreSQL á dákẹ́, gbogbo ẹ̀ á sì dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí àṣẹ yìí, tó ń pa àwọn ẹ̀dà tó ti ju ọjọ́ méje lọ rẹ́, máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀: tootctl media remove --days 7. Wàhálà kejì ni íméèlì. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń yáni ní server ló ń ti port 25 (ọ̀nà tí íméèlì ń gbà jáde lórí server) pa, nítorí náà ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lè máà rí íméèlì ìfìdímúlẹ̀ gbà. Ẹ lo SMTP (ètò ìfi-íméèlì-ránṣẹ́) ilé iṣẹ́ mìíràn.

GoToSocial ní tirẹ̀, ètò kan péré ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, pẹ̀lú SQLite tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀. Nǹkan bí 250 sí 350MB RAM ló ń jẹ, server 1GB sì tó o. Lẹ́tà 5,000 ló gbà nínú ọ̀rọ̀ kan, nígbà tí Mastodon gbà 500. Àléébù rẹ̀ ni pé kò ní ojú ewé tí èèyàn ti ń kọ̀wé. Àfi kẹ́ ẹ gba áàpù bíi Tusky sórí fóònù. Ẹgbẹ́ tí kò ju ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ, òun ni ká mú. Ẹ má ṣe gbé èyíkéyìí sórí kọ̀ǹpútà inú ilé ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Ṣàgámù: bí iná bá lọ fún ọjọ́ púpọ̀, àwọn server yòókù á dẹ́kun fífi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí yín.

Ohun kan dùn mọ́ wa gan-an fún èdè wa: lórí Mastodon, «ọ́» pẹ̀lú àmì orí àti ti ìsàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo ló kà á sí. Kò sí ìdí láti yọ àmì kúrò nítorí ààyè. Àwòrán mẹ́rin ló gbà lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àyè àpèjúwe tó gba lẹ́tà 1,500. Ẹ kọ orúkọ ẹgbẹ́, irú aṣọ àti ọdún síbẹ̀. Kẹ́ ẹ sì máa lo #OjudeOba, nítorí hashtag ni wọ́n sábà fi ń wá nǹkan níbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó kúrò lórí Facebook, ẹ gba ẹ̀dà ohun tó jẹ́ tiyín sílẹ̀. Àwòrán tí ẹlòmíràn fi sínú ẹgbẹ́ kò ní sí nínú rẹ̀, ọwọ́ ayàwòrán ni kẹ́ ẹ ti gba ojúlówó. Àwọn tó ń tẹ̀lé yín lórí Facebook kò ní bá yín wá. Láti server kan sí òmíràn nìkan ni wọ́n ti ń báni kó, ọ̀rọ̀ àtijọ́ kì í sì í bá wọn. Ẹ kọ àdírẹ́sì tuntun sórí káàdì ìpè, kẹ́ ẹ sì lo Facebook àti ojú òpó tuntun pọ̀ títí Iléyá kan á fi kọjá.

Ẹni tó ń ta adìrẹ tàbí gààrí Ìjẹ̀bú, kó má tíì kó ìsọ̀ rẹ̀ lọ. Kò sí ìpolówó tó ṣeé rà lórí Mastodon. Ọ̀rọ̀ àṣírí pẹ̀lú kò gbọdọ̀ débẹ̀, torí alábòójútó server lè ka ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀.

Bó bá jẹ́ Mastodon lẹ mú, database (àkójọ àkọsílẹ̀), fáìlì .env.production (ibi tí ètò àti kọ́kọ́rọ́ àṣírí server wà) àti àwòrán tí ẹ fi síbẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ tọ́jú ọ̀kan sọ́dọ̀ akápò, èkejì sọ́dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní ìlú mìíràn.