Fuzz àtijọ́ lábẹ́ oòrùn Àbújá: pedal germanium àbí modeler?

Ohùn fuzz, ìyẹn ohùn gìtá tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bà jẹ́ kó lè dùn, ẹ ti gbọ́ ọ rí, kódà bí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀. Òun ló kún inú àwo ẹgbẹ́ olórin BLO, àti ti ẹgbẹ́ Ofege tí wọ́n ṣì wà ní ilé-ìwé St. Gregory's l'Ékòó, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970: ohùn tó nípọn, tó há díẹ̀, tó sì máa ń fà gùn lẹ́yìn tí ọwọ́ bá ti kúrò lórí okùn. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ l'Ábújá lónìí, ọ̀nà méjì ló wà fún un. Kó ra pedal germanium, àpótí kékeré tí à ń fẹsẹ̀ tẹ̀, tí wọ́n ṣe bíi ti Fuzz Face, èyí tí Arbiter gbé jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1966. Tàbí kó ra modeler, ẹ̀rọ tó ń fi ìṣirò kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé pedal àti amp, tó ní àwòkọ ohùn náà nínú, bíi HX Stomp ti Line 6. Mo ti lo méjèèjì sóde. Iye effect tó wà nínú wọn kọ́ ni mo fẹ́ kà fún yín, ìyẹn wà lára páálí.

Ooru

Àwọn tó ń ta pedal kì í sọ̀rọ̀ ooru. Èmi á sọ ọ́, torí òun ló gbowó lọ́wọ́ mi.

Transistor méjì, ẹ̀yà kékeré tó ń sọ iná ohùn di ńlá, ló wà nínú Fuzz Face ìbẹ̀rẹ̀, germanium ni wọ́n sì fi ṣe wọ́n. Germanium àti ooru kì í rẹ́. Iná díẹ̀ máa ń jò gba inú transistor yìí kọjá, ìjò náà sì máa ń di nǹkan bí ìlọ́po méjì nígbà tí ooru bá fi bí ìwọ̀n 10 Celsius lé sí i. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tò máa ń fẹ́ kí transistor kejì dúró sí nǹkan bí folti 4.5, ìyẹn ìdajì bátìrì folti 9. Bí ìjò bá pọ̀, folti náà á yẹ̀, ohùn á sì bà jẹ́. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ṣe é, níbi tí ọ̀sán ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn kì í sábà gbóná ju òwúrọ̀ oṣù kẹta tiwa lọ.

Ọwọ́ oníṣòwò kan l'Ékòó ni mo ti ra tèmi, ọkọ̀ ló gbé e wá bá mi ní Jabi. Nínú yàrá tí AC wà, ó dùn gan-an. A wá gbé e lọ sóde ìsìnkú kan ní Kubwa lóṣù kẹta. Láàárọ̀ tí à ń dán ohùn wò, kò síṣòro. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, oòrùn ti yí wọ abẹ́ kánópì, orí pedal gan-an ló sì ń pa sí. Mo fọwọ́ kan páànù rẹ̀, mo yára fa ọwọ́ sẹ́yìn. Bí mo bá ta okùn, ohùn á bú jáde, á gé, á ta pàrà lẹ́ẹ̀kan sí i, á sì kú. Olórí ẹgbẹ́ wa yíjú sí mi láàárín orin: “Bọ̀dá, gìtá dà?”

Oníṣòwò náà ní òun kì í gba ọjà padà. Mo gbé e lọ bá atúnrédíòṣe kan ní Nyanya, ó bá mi jó bọ́tìnnì kékeré kan mọ́ inú rẹ̀ tí mo lè fi tún folti yẹn tò. Owó tún lọ síyẹn. Ó ṣiṣẹ́ nígbà ooru. Ọyẹ́ dé, òwúrọ̀ tutù, ohùn tún yí padà, ni mo bá tún ń ṣí páànù. Ẹni tó wà ní Jos lè gbádùn germanium jù wá lọ, torí orí òkè ni ìlú wọn wà. Ẹni tó wà ní Kano, Sokoto tàbí Maiduguri, níbi tí ooru ti ń kọjá 40 lóṣù kẹrin, kó má gbé e lọ sóde ìta gbangba rárá.

Modeler náà máa ń gbóná lára, àmọ́ ohùn germanium inú rẹ̀ kì í yí. Ìṣirò ni. Bí ẹ ṣe tò ó lálẹ́ Jímọ̀ lẹ ṣe máa bá a lọ́sàn-án Sátidé.

Ẹni tó bá takú pé pedal gidi lòun fẹ́, kó wo èyí tí wọ́n fi silicon ṣe transistor rẹ̀ dípò germanium. Big Muff tí Electro-Harmonix gbé jáde ní 1969, silicon ni. Ooru kì í dà á láàmú tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò ní ìrọ̀rùn ohùn germanium.

Fọ́lúùmù ara gìtá

Níbí ni pedal gidi ti ń fakọ yọ, ibẹ̀ náà sì ni modeler olówó pọ́ọ́kú ti ń já ènìyàn kulẹ̀. Lórí Fuzz Face, bí ẹ bá rẹ fọ́lúùmù gìtá sílẹ̀ díẹ̀, fuzz á pòórá, ohùn á mọ́ kedere, á tàn. Ohun tó fà á ni pé ìdènà iná (ohm ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n) ní ẹnu ọ̀nà tí gìtá ń gbà wọ Fuzz Face kéré, ẹgbẹ̀rún ohm mélòó kan péré, nítorí náà òun àti pickup, ẹ̀yà ara gìtá tó ń gbé ohùn okùn, jọ ń fa ara wọn ni. Ẹnu ọ̀nà ọ̀pọ̀ modeler jẹ́ mílíọ̀nù ohm kan, kò sí ìfàmọ́ra kankan níbẹ̀. HX Stomp lè yí ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ padà, bẹ́ẹ̀ náà ni Axe-Fx III ti Fractal. Tí modeler tí wọ́n fẹ́ tà fún yín kò bá lè ṣe èyí, ẹ farabalẹ̀ dán an wò kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ẹ gbé gìtá tiyín lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ pa reverb (ohùn tó ń dún padà bíi ti gbọ̀ngàn), ẹ fi fuzz síwájú ohun gbogbo, ẹ ta okùn tó nípọn jù, kí ẹ wá rẹ fọ́lúùmù sí ìdajì. Bó bá jẹ́ pé fuzz kan náà lẹ ṣì ń gbọ́, àmọ́ tó kàn lọ sílẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Ẹ tún fa okùn tó tín-ín-rín jù sókè, nítòsí ìdí ọrùn gìtá, kí ẹ fetí sí abẹ́ ohùn náà. Fuzz máa ń bí ohùn kéékèèké tó ga kọjá ibi tí etí ń gbọ́. Ẹ̀rọ tó ń ka ohùn nígbà 48,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kò lè gbé ohun tó ju 24,000 hertz, bí wọn kò bá sì ṣètò rẹ̀ dáadáa, àwọn ohùn yẹn á ṣẹ́ padà sísàlẹ̀. Ohùn tín-ín-rín kan tó ń sọ̀kalẹ̀ bí tiyín ṣe ń gòkè lẹ máa gbọ́. Kò sí bọ́tìnnì tó lè yọ ọ́.

Iná

Pedal ló borí. Bátìrì 9 kan máa ń pẹ́ nínú Fuzz Face. HX Stomp ń fẹ́ adaptor tirẹ̀ tó tó ampere 3, bí iná bá sì ṣẹ́jú nígbà tí wọ́n ń yí sí jẹnẹrétọ̀, ó lè kú, kó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, bóyá nígbà tí wọ́n ń náwó lọ́wọ́. Ẹ ra UPS kékeré kan kún un. Boss GT-1 àti Zoom G1 Four ń lo bátìrì AA mẹ́rin, wọ́n sì rọrùn lápò. Ẹ má so pedal germanium tó ní transistor PNP (irú tí ọ̀nà iná rẹ̀ dojú kọ òdìkejì ti àwọn yòókù) mọ́ wáyà adaptor kan náà pẹ̀lú àwọn pedal yòókù. Iná á ta kora.

Àtúnṣe

Atúnrédíòṣe èyíkéyìí tó mọ iṣẹ́ lè ṣí Fuzz Face. Modeler tó bá bàjẹ́, Èkó ló ń lọ.

Èwo ni kí ẹ rà?

Bó bá jẹ́ inú yàrá ni ẹ ti ń gba orin sílẹ̀, tí AC wà, tí iná dúró, pedal germanium ò ní já yín kulẹ̀, ìfọwọ́kàn rẹ̀ ṣì dùn ju ti modeler lọ díẹ̀. Bó bá jẹ́ òde àti ṣọ́ọ̀ṣì lẹ ń gbà, modeler tó lè yí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ padà ni.

Tó bá jẹ́ HX Stomp lẹ gbà, ẹ mú Arbitrator Fuzz, ìyẹn àwòkọ Fuzz Face inú rẹ̀, ẹ fi ṣe ohun àkọ́kọ́, ẹ fi ẹnu ọ̀nà sí Auto. Ẹ fi amp tó mọ́ tẹ̀ lé e, kí ẹ má sì gbàgbé àwòkọ spíkà lẹ́yìn rẹ̀, torí fuzz tó bá wọ míksà ṣọ́ọ̀ṣì láìgba inú spíkà kọjá máa ń gún etí gidigidi. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fọ́lúùmù gìtá ní 7, kí ẹ lè ní ibi tí ẹ máa gbà lọ nígbà tí ó bá kan yín láti dá ta.