Lẹ́sìnnì calculus ní Bódìjà: ohun tí mo san àti ohun tí mo rí gbà

Ọdún mẹ́fà ni mo fi tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe káàkiri ìlú Ìbàdàn lẹ́yìn tí mo gba OND ní póólì, kí n tó gba Direct Entry wọ yunifásítì. Ipele 200 ni Direct Entry ń gbé ènìyàn sí, nítorí náà n kò bá àwọn ẹgbẹ́ mi jókòó nígbà tí wọ́n ń kọ́ calculus, ìṣirò bí nǹkan ṣe ń yí padà àti bí ó ṣe ń kó jọ, ti ọdún kìn-ín-ní, ìwọ̀nba tí mo sì kọ́ ní póólì ti fò lọ lórí mi. MTH 201, iṣẹ́ ìṣirò ti ipele 200, ni ojú mi ti kọ́kọ́ rí màbo. Nínú iṣẹ́ yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kúrò lórí x nìkan, tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bá x, y àti z wọ̀yá ìjà lẹ́ẹ̀kan náà: partial derivative wà níbẹ̀ (bí nǹkan ṣe ń yí padà nígbà tí ọ̀kan nínú wọn ń yí, tí àwọn yòókù dúró), Lagrange multiplier wà níbẹ̀ (ọ̀nà láti wá èyí tí ó kéré jù tàbí tí ó pọ̀ jù lábẹ́ òfin kan), line integral, double integral àti triple integral, ìyẹn àròpọ̀ lórí ìlà, lórí àgbègbè àti nínú àyè, náà kò gbẹ́yìn. Nígbà tí èsì ìdánwò àárín sáà jáde, 9 nínú 30 ni mo ní. Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ lẹ́sìnnì kan ní Bódìjà, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni mo sì fi lọ síbẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ẹ̀sùn díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ mi, n kò sì tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ ọ́.

Náírà 3,000 ni ó ń gbà fún ìjókòó wákàtí méjì, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó sì fẹ́ kí ènìyàn san ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sílẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì. Náírà 24,000 ni ìyẹn já sí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí ó ń gbé ni kíláàsì, pátákó ìkọ̀wé kan wà lára ògiri, bẹ́ńṣì méjì sì wà níwájú rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ amúlétutù níbẹ̀, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ èmi nìkan ni ìyẹn ń dùn.

Ọdún mélòó kan ni mo fi ju olùkọ́ náà lọ, nítorí náà “ẹ̀gbọ́n” ni ó ń pè mí, ṣùgbọ́n kò tìtorí ìyẹn ṣojúsàájú. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí n wá derivative sin(x²), ìyẹn bí ó ṣe ń yára yí padà. Cos(x²) ni mo kọ. Ó wo pátákó, ó wò mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, 2x rẹ̀ dà?” Lẹ́yìn èyí ni ó sọ fún mi pé a kò ní fọwọ́ kan partial derivative títí ọ̀sẹ̀ méjì yóò fi pé, pé chain rule (òfin derivative fún function tí ó wà nínú function mìíràn) àti substitution (fífi lẹ́tà kan rọ́pò apá kan nínú integral) ni a ó máa ṣe, nítorí pé ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Inú bí mi. Mo rò pé ó kàn fẹ́ kí ọ̀sẹ̀ pọ̀ kí owó lè pọ̀ ni. Nígbà tí a dé chain rule oní-variable púpọ̀ ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, tí àwọn tí kò ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ń pàdánù ẹ̀ka kan nínú mẹ́ta, mo gba ọ̀rọ̀ mi padà.

Kì í jẹ́ kí àmì kankan dúró lójú pátákó láìjẹ́ pé a ti fojú rí ohun tí ó dúró fún. Láyípo, ilé ìṣọ́ Bower tí wọ́n kọ́ sórí Òkè Àrẹ̀ ní 1936, ni ó fi kọ́ wa ní parametric curve: bí ènìyàn ṣe ń yí po lórí àtẹ̀gùn rẹ̀ ni cos t àti sin t, bí ó ṣe ń ga sí i ni t fúnra rẹ̀. A ṣírò ọ̀nà tí ẹni náà yóò rìn nínú ìyípo kan, ó sì jẹ́ 2π√2, kì í ṣe 2π tí gbogbo wa kọ́kọ́ fi ẹnu wa pè, nítorí pé òkè tí ó gùn náà wà nínú ìrìn rẹ̀. Orí òkè kan náà ni ó ti fi gradient hàn wá: ẹni tí ó bá ń rìn yí òkè ká láìgòkè láìsọ̀kalẹ̀, orí level curve ni ó wà, ẹni tí ó bá fẹ́ gòkè ní ibi tí òkè ti ń ga kíákíá jù, ìhà tí gradient kọjú sí ni kí ó gbà, ìhà yìí a sì máa dá level curve kọjá ní igun 90.

Nígbà tí a dé saddle point, gàárì ni ó pè é tààrà. Ó ya ẹṣin kan tí mo kọ́kọ́ rò pé ajá ni, ó ní bí a bá ti ọrùn ẹṣin lọ sí ìdí rẹ̀, àárín gàárì ni ibi tí ó rẹlẹ̀ jù. Bí a bá ti itan ẹni tí ó gùn ún kan dé itan kejì, àárín gàárì yìí kan náà ni ibi tí ó ga jù. Ohun tí x² − y² ń ṣe ní (0, 0) nìyẹn: partial derivative méjèèjì jẹ́ òdo, síbẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ṣóńṣó, kì í sì í ṣe ìsàlẹ̀ kòtò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ka second derivative test, ìdánwò tí a fi ń mọ̀ bóyá ibì kan jẹ́ ṣóńṣó, ìsàlẹ̀ kòtò tàbí gàárì, nínú ìwé, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni mo tó mọ ìdí tí a fi ní láti sọ second derivative méjèèjì, 2 àti −2, di ìlọ́po ara wọn kí wọ́n di −4, àti pé gàárì ni àmì ìyọkúrò tí ó wà lójú rẹ̀ ń sọ.

Ọjọ́ tí mo mọ̀ dájú pé owó mi kò ṣòfò ni ọjọ́ tí ó kọ double integral kan síta. E^(y²) ni a fẹ́ ṣe integrate. Y ni ìbéèrè ní kí a kọ́kọ́ ṣe, láti x dé 1, lẹ́yìn náà x láti 0 dé 1. Ó jókòó, ó sì fi wá sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. A lo substitution, kò gbà. A lo integration by parts, ó tún burú sí i. Ẹnì kan nínú wa ní ìbéèrè náà kò pé. Nígbà tí ó dìde, ó kọ́kọ́ sọ fún wa pé kò sí ẹni tí ó lè fi àwọn function tí a mọ̀ kọ antiderivative e^(y²), ìyẹn function tí derivative rẹ̀ jẹ́ e^(y²), pé kí a gbé e tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí a ya àgbègbè tí a ń ṣe integration lórí rẹ̀. A yà á: ìlà y = x, ìlà y = 1 àti y-axis; onígun mẹ́ta ni. Ó fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ gé e láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ bí ẹni ń gé búrẹ́dì, ó ní bí ìbéèrè ṣe gé e nìyẹn. Ó yí ọwọ́ padà, ó gé e láti òsì sí ọ̀tún, ó ní, “Tí a bá gé e báyìí ńkọ́?” Bí a bá gé e bẹ́ẹ̀, x ni yóò ṣáájú, láti 0 dé y, kò sì sí x kankan nínú e^(y²), nítorí náà ohun tí yóò kù ni y·e^(y²). Y yẹn gan-an ni substitution tí a ṣe ń wá tí kò rí. Ìlà méjì ni a fi parí rẹ̀: (e − 1)/2, nǹkan bí 0.859. Láti ọjọ́ náà, n kì í kọ limit (ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí) sí ẹ̀gbẹ́ integral kankan kí n tó ya àwòrán rẹ̀.

Lagrange multiplier kò gbà wá ní àkókò púpọ̀. Àpótí aláìnídèérí tí yóò gba 32 lítà ni ó fún wa, kí páànù tí a ó fi ṣe é kéré jù lọ. Èmi tí mo ti gé páànù fún ọ̀nà atẹ́gùn rí, mo búra pé gbogbo ẹ̀gbẹ́ ni yóò dọ́gba. 40 sẹ̀ǹtímítà lórí 40 ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, 20 péré sì ni gíga rẹ̀.

Ẹ̀sùn mi kìíní ni pé àwa mẹ́rin ni a bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ìdánwò ń sún mọ́lé, a ti di mọ́kànlá lórí bẹ́ńṣì méjì kan náà, owó kò sì dín kù. Olùkọ́ tí ó ń tẹ̀ lé ọwọ́ mi lórí ìwé tẹ́lẹ̀ kò lè dé ọ̀dọ̀ mi mọ́. Èkejì wúwo jù ú lọ: nígbà tí a dé vector field (ibi tí ojúmọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ní ọfà tirẹ̀, bí atẹ́gùn tí ń fẹ́), ó ń sáré. Ìjókòó kan ṣoṣo ni ó fi ṣe Green's theorem, tí ó so integral yí ẹ̀gbẹ́ àgbègbè kan ká mọ́ double integral inú rẹ̀, a kò sì fojú kan Stokes, irú rẹ̀ tí ó wà fún ojú ilẹ̀ nínú àyè, rárá, nítorí pé ìjókòó méjì tí kò wáyé nígbà tí ó rìnrìn àjò kò padà wá, bẹ́ẹ̀ ni owó wọn kò padà. Àwọn kan tún ń bínú sí i pé kì í bá akẹ́kọ̀ọ́ ṣe assignment. N kò sí lẹ́yìn wọn. Ó máa ń ṣe irú rẹ̀ mìíràn lójú pátákó, yóò sì ní kí o lọ ṣe tìrẹ.

Ohun tí ó kù yìí, OpenCourseWare, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ti yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, ni mo fi dí i. Calculus oní-variable púpọ̀ tí Denis Auroux kọ́ níbẹ̀ ní 2007, tí wọ́n ń pè ní 18.02, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́: fídíò 35 ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí 50 ìṣẹ́jú, pẹ̀lú ìbéèrè àti ìdáhùn, ènìyàn sì lè wà á sórí fóònù lóru kí ó máa wò ó láìsí dátà. Green's theorem wà ní ẹ̀kọ́ 22, divergence theorem (tí ó so triple integral mọ́ integral lórí ojú ilẹ̀ tí ó yí àyè náà ká) ní 28, Stokes ní 31. Ṣọ́ọ̀kì àti pátákó ni ọkùnrin náà ń lò, kì í sì í fò ìṣísẹ̀ kankan. Bí àwòrán x, y àti z (3D) kò bá yé ènìyàn nínú èyí, àwọn fídíò tí Grant Sanderson ṣe fún Khan Academy, ojúlé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan, a máa yí ojú ilẹ̀ náà fún un láti wò ó ní ìhà gbogbo. Ṣùgbọ́n fídíò kò lè rí i pé mo ti gbàgbé 2x. Bí mo bá ti lọ sórí 18.02 nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kejì ni ǹ bá ti padà sídìí ẹ̀rọ amúlétutù.

61 ni mo ní nígbẹ̀yìn, B ni, mo sì fún olùkọ́ náà ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, kí ó kọ́kọ́ béèrè iye ènìyàn tí yóò wà lórí bẹ́ńṣì, kí ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó máa gba owó ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan dípò ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àbúrò mi obìnrin ni yóò ṣe MTH 201 ní sáà tí ń bọ̀. Mo ti bá a gba àyè àárọ̀ Sátidé sílẹ̀, nígbà tí àwọn yòókù kì í tíì jí.