Àyẹ̀wò DNA ajá: ojú ìwé kẹrin gba ìràwọ̀ márùn-ún, ojú ìwé keje ba gbogbo ẹ̀ jẹ́

Ajá méjì ni mo ń sìn. Tanímọ̀la ni akọ, ó ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ jọ German Shepherd, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, ẹni tó rí i kò sí. Sùúrù ni abo, ajá lásán tí kò ní orúkọ ìran, etí rẹ̀ nà ṣóńṣó, ìrù rẹ̀ ká. Páálí àyẹ̀wò DNA kan ni mo rà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ìyìn nìkan.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi ìran wọn yangàn. Kúrúnà ló gbé mi débẹ̀. Tanímọ̀la ò tíì pé ọdún kan nígbà tí irun bẹ̀rẹ̀ sí í re lójú rẹ̀, ó dé ẹsẹ̀ iwájú, kí oṣù tó parí ó ti gba gbogbo ara. Dókítà ẹran fi abẹ ha awọ ara rẹ̀ díẹ̀, ó gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù, ó ní kí n wá wò ó: kòkòrò gígùn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ mẹ́jọ kúkúrú tò sí iwájú. Demodex ni. Ó ṣàlàyé pé kòkòrò yìí wà lára ọ̀pọ̀ ajá tí ara wọn dá ṣáṣá, pé ara ìyá ni ọmọ ti ń kó o nígbà tó bá ń mu ọmú, àti pé ara tó le kì í jẹ́ kó pọ̀. Tó bá wá bo ajá kékeré láti orí dé ìrù, àléébù tó jogún ni wọ́n máa ń fura sí. Ìdí nìyẹn tó fi ní n ò gbọdọ̀ jẹ́ kí Tanímọ̀la gun abo kankan. Ó mú bírò láti kọ ivermectin, oògùn tó ń pa irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ àti aràn, ló bá dáwọ́ dúró. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, irú ajá wo ni bàbá rẹ̀?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó gbé bírò sílẹ̀.

Gbígba itọ́ rọrùn lórí ìwé. Igi olówùú méjì ló wà nínú páálí. Ẹ ó fi pa inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ajá, ẹ ó jẹ́ kó gbẹ, ẹ ó fi ránṣẹ́. Tanímọ̀la gé òwú àkọ́kọ́ jẹ, ó sì gbé e mì. Ti Sùúrù lọ, wọ́n kọ̀ ọ́: wọ́n ní DNA ajá méjì ló wà nínú ẹ̀. Abọ́ omi kan náà ni àwọn méjèèjì ń lá, kò sì síbi tí wọ́n ti kìlọ̀ pé kí n yà wọ́n sọ́tọ̀ kí n tó gba itọ́. Mo fún wọn ní máàkì pé wọ́n fi páálí mìíràn ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n pè é di méje.

Nígbà tí èsì Tanímọ̀la dé, ojú ìwé kẹrin ni mo kọ́kọ́ ṣí. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni mo ń tún ṣe, mo sì fẹ́ràn ìwé tó bá fi hàn mí bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́. Èyí fi hàn mí. Jíìnì kan, ìyẹn ìtọ́ni kan nínú DNA, wà tí wọ́n ń pè ní MDR1. Ẹ̀dà méjì ni ajá ń ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Òun ló ń mú kí ara ṣe páǹpù kan sára àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ, iṣẹ́ páǹpù náà sì ni kó máa da àwọn oògùn kan padà kí wọ́n má baà wọ ọpọlọ. Lára àwọn ajá kan, lẹ́tà mẹ́rin péré nínú àwọn lẹ́tà tí wọ́n fi kọ DNA ló já kúrò nínú jíìnì yìí. Ìyókù bá sún síwájú, kò ṣeé kà bó ṣe yẹ mọ́, páǹpù ò sì jáde. Ní 2001 ni Katrina Mealey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Washington State University rí i lára àwọn Collie, ìran ajá darandaran kan, tí ivermectin ń gbé ṣubú. Nínú Collie mẹ́wàá, bíi méje ló ní ẹ̀dà kan tó bàjẹ́, ó kéré tán. Ó pọ̀ lára Australian Shepherd pẹ̀lú, ó sì wà lára German Shepherd, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ibi òṣùwọ̀n ni mo ti lanu sílẹ̀. Ivermectin tí wọ́n ń fún ajá lóṣooṣù nítorí aràn ọkàn, maikirogíráàmù 6 ni fún kílò kan. Kì í ṣe Collie pàápàá ní nǹkan. Èyí tí wọ́n fi ń wo kúrúnà Demodex lè jẹ́ 300 sí 600, lójoojúmọ́. Ajá tí ẹ̀dà méjèèjì bàjẹ́ lára rẹ̀ á máa rìn bí ọ̀mùtí, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ lè fọ́, gìrì lè mú un, ó sì lè sùn kó má jí. Loperamide, oògùn ìgbẹ́ gbuuru tí àwa èèyàn ń lò, léwu fún wọn bákan náà.

Ti Tanímọ̀la, ẹ̀dà kan dára, ọ̀kan bàjẹ́. Dókítà ní òun ò ní fi í dánwò, ó sì fún un ní oògùn oníhóró mìíràn tó ń jẹ́ fluralaner. Ó ha awọ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, oṣù kan láàárín wọn, kò rí kòkòrò kankan. Irun ti bo ojú rẹ̀ padà. Tó bá jẹ́ ojú ìwé kẹrin nìkan ni mo rà, ìràwọ̀ márùn-ún ni ǹ bá fún wọn, kí n sì dúpẹ́ lé e.

Ojú ìwé keje ló dá wàhálà sílẹ̀. "Agbára Láti Kọ Àrùn Àfòmọ́" ni wọ́n kọ sórí ẹ̀, ìlà aláwọ̀ kan sì wà nísàlẹ̀. Sùúrù gba 86 nínú 100, àwọ̀ ewé ni ìlà tirẹ̀. Tanímọ̀la gba 41, tirẹ̀ pupa. Àrùn wo? Wọn ò sọ. Jíìnì wo? Wọn ò sọ. Mo ti rí gééjì tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń mì tí wáyà kankan ò so mọ́ ọn lẹ́yìn. Bó ṣe rí lójú mi nìyẹn. Eégbọn, aràn inú, kúrúnà, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀: ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí ara ń gbà bá wọn jà. Ajá tí apá ọ̀kan ò ká lè jẹ́ ilé fún òmíràn.

Mi ò sọ pé ìran ò dá sí i o. Ní ti Leishmania, àfòmọ́ kan tí eṣinṣin kékeré amẹ̀jẹ̀ kan ń kó ran ajá, ìran ajá tó ń jẹ́ Ibizan Hound kì í sábà dùbúlẹ̀ àìsàn rẹ̀, nígbà tó máa ń da ìran Boxer àti German Shepherd dùbúlẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti rí ọwọ́ jíìnì SLC11A1 níbẹ̀, àti ti àwọn jíìnì DLA tó wà nídìí ààbò ara. Ní 2018, ìwádìí kan lórí odindi DNA àwọn ajá ilẹ̀ Áfíríkà jáde, jíìnì kan tó ń jẹ́ ADGRE1 sì wà lára èyí tí wọ́n rí tó jọ pé ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti kojú àwọn àfòmọ́ ilẹ̀ olóoru. Mo gbà. Ajá ti ń gbé àárín eégbọn láti ayébáyé: èyí tí ara rẹ̀ ò gbé e kú kó tó bímọ, èyí tó kù ló bí àwọn tí à ń rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ agbo nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Sùúrù tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì iṣẹ́ mi. Jíìnì púpọ̀ ló ń dá díẹ̀díẹ̀ sí i, ọjọ́ orí ń dá tirẹ̀, iye eégbọn tó gùn ún náà ń dá tirẹ̀.

Èmi tí mo mọ gbogbo èyí lónìí, mo rí 86 nígbà náà, mo sì dẹwọ́ oògùn eégbọn Sùúrù fún oṣù méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo pè é, kò dìde. Mo ṣí ètè rẹ̀, èrìgì rẹ̀ funfun bí bébà. Ó tọ̀, ìtọ̀ náà dúdú bí tíì tí kò ní mílíìkì. Dókítà tẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí gíláàsì: Babesia, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ tí eégbọn ń gbé kiri, méjì-méjì nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, orí kan tóbi, orí kejì ṣóńṣó. Ó gún un ní imidocarb, oògùn tó ń pa á, ó tún un gún lẹ́yìn ọjọ́ 14. Ó bọ́ níbẹ̀. Mo kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n fèsì pé àlàyé gbogboogbò ni ojú ìwé keje, kì í ṣe ìmọ̀ràn ìṣègùn. Kí ló dé tí wọ́n wá fi àwọ̀ ewé kùn ún?

Nǹkan kékeré kan tún wà lójú ìwé yẹn tó ń bí mi nínú. Wọ́n kọ aràn Toxocara sábẹ́ "ohun tí ajá lè jogún". Jíìnì kọ́ nìyẹn! Ọmọ aràn tó sùn sínú ẹran ara ìyá ló ń jí nígbà oyún, tó ń gba ibi-ọmọ wọ inú ọmọ, tó sì tún ń bá wàrà lọ. Aràn gan-an ni ọmọ gbà lọ́wọ́ ìyá, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ń fún ọmọ ajá lóògùn aràn láti ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìràwọ̀ mẹ́ta ni mo fún wọn, ojú ìwé kẹrin ló sì gba gbogbo ẹ̀. Ẹni tí ajá rẹ̀ bá ní ẹ̀jẹ̀ Collie tàbí Shepherd, tàbí tí kò mọ bàbá ajá rẹ̀ bíi tèmi, kó wá láàbù tó ń ṣe MDR1 nìkan, wọ́n wà. Ẹ̀dà èsì Tanímọ̀la ti wà nínú fáìlì rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà. Ẹsẹ̀ tábìlì iṣẹ́ mi kan kúrú díẹ̀, mo ṣẹ́ ojú ìwé keje sí mẹ́rin, mo fi tì í.